Ìpè Kejì: bí ẹ ṣe lè ṣe géèmù adẹ́rùbani kékeré láàárín wákàtí 48

Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, òun ló dífá fún "Ìwọ ta nìyẹn?" Inú ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ géèmù adẹ́rùbani wà. Ìgbà tí a kò tíì mọ ẹni tó ń bọ̀ ni àyà ń já. Bí a bá ti rí i tán, ó kù kí a sá tàbí kí a dúró dè é. Nítorí náà, ẹni tó ní ọjọ́ méjì péré kò nílò abàmì tí wọ́n yà dáadáa, kò nílò ẹ̀jẹ̀, kò nílò ilé ológún yàrá. Ohun tó nílò ni ìdí kan tí ẹni tó ń gbá géèmù yóò fi dúró nínú òkùnkùn, kí ìdúró náà sì máa ná an ní nǹkan.

Ẹnì kan tàbí ẹni méjì ni a kọ èyí fún, tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti fóònù kan, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ní Benin, ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀. Nínú game jam, ìyẹn ìdíje géèmù ṣíṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á kéde kókó-ọ̀rọ̀ kan, aago á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ludum Dare, tó ti wà láti 2002, ń fún ẹni tó dá ṣe tirẹ̀ ní wákàtí 48, ó ń fún ẹgbẹ́ ní 72. Wákàtí 48 ni Global Game Jam náà fi bẹ̀rẹ̀. A ó fi 48 ṣe òṣùwọ̀n. Godot, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe géèmù, ni a ó lò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín kódà bí ẹ bá ta géèmù yín lẹ́yìn náà.

Kí aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà

Ẹ gba Godot sórí kọ̀ǹpútà nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì dára, kí ẹ sì gba export templates rẹ̀ pẹ̀lú. Godot fúnra rẹ̀ kò tó 200 MB, ṣùgbọ́n àwọn templates yìí lè tó 1 GB tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ láìsí wọn ẹ kò lè sọ iṣẹ́ yín di ohun tí ẹlòmíràn lè ṣí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú: géèmù ti parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ku wákàtí kan, dátà wá ń rìn bí ìgbín.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe project òfìfo kan. Níbi tí Godot ti ń béèrè irú renderer (ohun tó ń ya àwòrán sójú ìwòran) tí ẹ fẹ́, ẹ mú Compatibility, torí òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú browser. GDScript, èdè kóòdù Godot fúnra rẹ̀, ni kí ẹ fi kọ kóòdù. Godot 4 kì í gbé iṣẹ́ tí a fi C#, èdè kóòdù mìíràn, kọ lọ sí Web. Ẹ fi àpótí pupa kan sí àárín ojú ìwòran, ẹ gbé e jáde fún Web, ẹ gbé e sórí itch.io, ìkànnì tí a ti ń pín géèmù, gẹ́gẹ́ bíi draft (tí kò tíì hàn sí gbogbo ayé), kí ẹ sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Tí àpótí pupa yẹn bá hàn, ìdajì wàhálà ọjọ́ Àìkú ti tán.

Nínú Project Settings, ẹ fi fífẹ̀ sí 320, gíga sí 180, kí ẹ sì jẹ́ kí fèrèsé ṣí ní 1280×720, èyí tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin gééré. Stretch Mode: viewport. Default Texture Filter: Nearest. Bí ẹ bá gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yìí, gbogbo àwòrán yín á ṣú bí ẹni wò wọ́n látẹ̀yìn ike. Orúkọ fáìlì kò gbọ́dọ̀ ní àmì ohùn tàbí lẹ́tà ńlá. "ilekun.png" ló dára. "Ilẹ̀kùn.png" lè ṣí lórí Windows, kó wá sọnù lórí Web, nítorí Windows kò bìkítà nípa lẹ́tà ńlá àti kékeré, ṣùgbọ́n géèmù tí ẹ ti gbé jáde bìkítà.

Ní ti iná mànàmáná, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e. Ní gbogbo wákàtí méjì, ẹ da gbogbo fódà náà kọ sórí kọ́kọ́rọ́ USB, ẹ fi aago sí orúkọ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì pa èyí tó wà tẹ́lẹ̀ rẹ́.

Òfin kan ṣoṣo

Àwọn ìyá wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí sílẹ̀ dè wá. A kì í súfèé lóru. A kì í gbálẹ̀ lóru. Bí wọ́n bá pè ọ́ lóru, má dáhùn títí o ó fi mọ ẹni tó ń pè. Òfin géèmù ni èèwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú wọn: ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe wà níbẹ̀, ohun tí yóò wá bí a bá ṣe é náà sì wà níbẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ má mú méjì. Géèmù tó ní òfin mẹ́ta ní wákàtí 48 kì í parí, bó bá sì parí, kò sẹ́ni tí yóò lóye rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n máa fi wò ó.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìpè. Iná ti lọ. Àdùkẹ́ wà nínú ilé Àgùdà àtijọ́ kan (irú èyí tí àwọn tó ti Brazil padà wá kọ́) ní Àjàṣẹ́, fìtílà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ń pè é látinú yàrá. Ẹlòmíràn náà ń pè é. Nínú géèmù yìí, èèyàn ń pè lẹ́ẹ̀mejì, abàmì ń pè lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá tẹ Space láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lẹ́yìn ìpè kejì, ilẹ̀kùn tó kàn á ṣí. Bí ẹ bá dáhùn ìpè abàmì, ó ń bọ̀ níbi tí ẹ dúró sí nìyẹn. Bí ìpè bá jẹ́ ti Ìyá Àgbà ṣùgbọ́n tí ẹ kánjú dáhùn ti àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ á fẹ́ lu fìtílà, epo ìṣẹ́jú-àáyá 20 á sì lọ.

Ìpè kejì máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 sí 6. Àlàfo yẹn ni géèmù náà. Ẹni tó ń gbá a mọ̀ pé ó yẹ kóun dúró, epo ń jó, kò sì mọ̀ bóyá ìpè kejì máa dé rárá. Tí àlàfo bá kéré ju 2 lọ, kò ní sáyè láti bẹ̀rù. Tó bá kọjá 7, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé géèmù ti bàjẹ́.

Bọ́tìnì márùn-ún péré ni: àwọn ọfà mẹ́rin àti Space. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní kí ẹ fi lẹ́tà W, A, S àti D rìn, ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù Faransé là ń lò ní Benin, ibi tí W àti A wà lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ni Z àti Q wà lórí tiwa. Ọfà kì í yí ipò padà lórí kíbọ́ọ̀dù kankan.

Ọ̀rọ̀ kan tí a kò ní fi pa mọ́: ẹ má fi Orò, Egúngún tàbí Zangbétò ṣe abàmì. Ìsìn àwọn èèyàn ni, wọn kò sì jìnnà sí yín. Yàtọ̀ sí ti ọ̀wọ̀, ohun tó ní orúkọ ti ní ìlànà tí a mọ̀, ohun tí a mọ ìlànà rẹ̀ kì í sì í bani lẹ́rù tó èyí tí a kò lè dárúkọ.

Ilé náà

Orí bébà ni ẹ ó ti yà á kọ́kọ́. Ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ píksẹ̀lì 16×16. Ilé náà fẹ̀ ní ìpín 40, ó ga ní 24, ìyẹn 640×384, bíi ojú ìwòran mẹ́rin. Yàrá márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, àgbàlá kan. Ilẹ̀kùn mẹ́rin tó tì. Ìpè tòótọ́ mẹ́rin fún wọn, ìpè èké mẹ́ta láàárín wọn, àti ìpè ìkẹyìn tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú. Ilé Àgùdà wúlò fún èyí nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, fèrèsé onígi rẹ̀ ń jẹ́ kí ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ sì ti ń ṣí ní ìpele-ìpele. Ẹni tó bá wà ní Kétu lè fi ẹnubodè Àkábà Ìdénà àti yàrà tó yí ìlú ká ṣe tirẹ̀. Ará Sábẹ̀ ní àwọn òkè àpáta rẹ̀.

Àwọn àpótí eléérú ni ẹ ó kọ́kọ́ fi kọ́ ọ. Ẹ má ya òkúta kan ṣoṣo kí òfin ìpè tó ṣiṣẹ́ lórí àpótí eléérú wọ̀nyẹn.

Fìtílà

Nóòdù ni Godot ń pe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tí a fi ń to géèmù pọ̀. Nóòdù CanvasModulate ni yóò sọ gbogbo ilé di òru. Ẹ má fi dúdú pátápátá sí i. #0a0c14 dára, nítorí ó ń jẹ́ kí ojú rò pé òun rí nǹkan. Ẹ so PointLight2D, nóòdù ìmọ́lẹ̀, mọ́ Àdùkẹ́ lára. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá hàn rárá, ẹ wo Texture rẹ̀: nóòdù yìí kì í tàn láìní àwòrán. Ẹ fún un ní àwòrán roboto tó funfun láàárín tó sì ń ṣú lọ sí etí, 256×256. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwòran gbọ́dọ̀ wà nínú CanvasLayer, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òru á bo òun náà.

Epo tó wà nínú fìtílà tó ìṣẹ́jú-àáyá 180. Ẹ fi ìgò epo márùn-ún pamọ́ sínú ilé, 40 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 380, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́fà àti ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì tó. Ìmọ́lẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní texture_scale 0.75, ó ń já wá sí 0.25, ìyẹn ni pé láti píksẹ̀lì 96 sí 32 yí Àdùkẹ́ ká. Ẹ má jẹ́ kó máa dínkù láti ìbẹ̀rẹ̀; bó bá ń dín díẹ̀díẹ̀, ojú á ti mọ́ ọn lára, kò ní já àyà ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó dúró gbọin títí epo yóò fi ku 90, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Bí epo bá tán pátá, abàmì á gbéra láìsí ìpè.

Fún òjìji ògiri, ẹ fi Occlusion Layer kún TileSet (àkójọ àwọn ìpín ilé náà), kí ẹ sì tan Shadow lórí ìmọ́lẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ ya polygon rẹ̀ (àwòrán onígun tó ń dí ìmọ́lẹ̀) kó bo ìpín 16×16 tán: ògiri á fi òjìji bo ara rẹ̀, gbogbo ilé á dà bí ihò. Ẹ ya á ní 8×8 sí àárín, etí ògiri á sì gba ìmọ́lẹ̀.

Ohùn

Níbí ni kí ẹ ti ná àsìkò yín. Ẹ bẹ ìyá àgbàlagbà kan kó bá yín pe orúkọ náà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe fún un. Oríkì ni a yàn nítorí oríkì ni ìyá àgbà ń pe ọmọ. Àdùkẹ́ sì gòkè ní ìparí, ó ṣeé fà lóru. Ẹ gbé fóònù sínú àpótí aṣọ tó ṣí, kí aṣọ lè gba ìró tó ń ta padà lára ògiri. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ mú mẹ́ta. Nínú Audacity, ètò tí a fi ń tún ohùn ṣe, ẹ gé ìdákẹ́jẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn kúrò, ẹ gbé ohùn sí −3 dB, ẹ fi reverb (ìró bíi ti inú ilé ńlá) díẹ̀ sí i níbẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde ní OGG. Ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣe é níbẹ̀ ni pé Godot láti 4.3 ń lo ọ̀nà Sample fún ohùn lórí Web, ọ̀nà yẹn kì í sì í gbọ́ reverb tí ẹ bá fi sórí bus, ọ̀nà tí ohùn ń gbà kọjá nínú Godot. Lórí kọ̀ǹpútà yín á dún bí inú ilé ńlá, nínú browser á dún gbẹ. Fún ìdí kan náà, ẹ tètè dán ohùn apá òsì àti apá ọ̀tún wò nínú browser. Ó lè má rí bíi ti inú Godot.

Ohùn abàmì ńkọ́? Ohùn kan náà ni, pẹ̀lú pitch_scale 0.96, ìyẹn ni pé ó fi díẹ̀ rẹlẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ di ohùn ẹranko. Ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn ni etí ń gbọ́ kí ọkàn tó gbọ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún èlò tó máa ń mì ohùn sókè-sódò: bí ẹ bá fa gbogbo ọ̀rọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmì ohùn ṣì dúró sí ipò wọn, Àdùkẹ́ ṣì ni; bí ẹ bá mì í, àmì ohùn á fọ́, orúkọ á sì di ohun tí kò ní ìtumọ̀ létí Yorùbá.

Ìrẹ̀ ni ọwọ̀n kejì. Ẹ gba ìró ìrẹ̀ lẹ́yìn ilé lóru fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ da ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìparí kó má bàa já, ẹ sọ ọ́ di OGG, ẹ tẹ Loop nínú Import, lẹ́yìn náà Reimport. MP3 máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ sí ibi ìdàpọ̀, ìdákẹ́jẹ́ yẹn á sì ba gbogbo nǹkan jẹ́, torí ìdákẹ́jẹ́ ìrẹ̀ ni àmì wa: kí ìpè èké kankan tó dún, ìrẹ̀ á ti dákẹ́. Láti −14 dB sí −60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1.5. Ẹ má kọ èyí síbì kankan nínú géèmù. Ẹ kàn ya ìrẹ̀ kékeré kan sí igun ojú ìwòran, tó ń fa ara rẹ̀ sínú ihò nígbà tí ìró bá lọ, kí ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa lè bá wa gbá a.

Kóòdù ìpè kò gùn:

```
func pe(tooto: bool) -> void:
	ipe_wa = true
	ipe_tooto = tooto
	iye_ipe = 0
	if not tooto:
		dake_ire()
		await get_tree().create_timer(1.5).timeout
	ohun.pitch_scale = 1.0 if tooto else 0.96
	ohun.play()
	iye_ipe = 1
	if tooto:
		await get_tree().create_timer(randf_range(2.5, 6.0)).timeout
		if not ipe_wa:
			return
		ohun.play()
		iye_ipe = 2
```

Ìlà "if not ipe_wa" ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Nígbà tí ẹni tó ń gbá a bá ti dáhùn, ẹ sọ ipe_wa di false. Bí ìlà yẹn kò bá sí, ìpè kejì ṣì máa dún lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti parí, ẹni náà á sì rò pé òfin yín kò dúró sójú kan. Nínú AudioStreamPlayer2D, nóòdù tó ń gbé ohùn jáde, Max Distance (ibi tí ohùn dé kó tó pa rẹ́) jẹ́ 2000 láti ilé wá, ó ti pọ̀ jù fún ilé 640. Ẹ fi sí 500.

Abàmì

Ẹ yà á ní 16×32, dúdú pátápátá, àwòrán méjì péré fún ìrìn. Nítorí pé dúdú ni, ìmọ́lẹ̀ kò lè tàn sára rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ògiri ti ń tàn, òun á sì dà bí ibi tí wọ́n gé kúrò nínú àwòrán.

Ìyára Àdùkẹ́ jẹ́ píksẹ̀lì 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti abàmì bẹ̀rẹ̀ ní 46, ó ń fi 8 kún un ní àṣìṣe kọ̀ọ̀kan: 46, 54, 62. Ẹni tó ṣe àṣìṣe kẹta kò lè sá fún un mọ́, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Abàmì ń lọ sí ibi tí ìdáhùn ti dún, ó ń tẹ̀lé Àdùkẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, lẹ́yìn náà ó pòórá. Fún ọ̀nà rẹ̀, ẹ lo AStarGrid2D, ohun tí Godot fi ń wá ọ̀nà, pẹ̀lú ìpín 16 àti DIAGONAL_MODE_NEVER, kí ara rẹ̀ fẹ̀ ní 10 péré, kó má bàa há sí igun. Ní gbogbo 0.4 ìṣẹ́jú-àáyá ni kó tún ọ̀nà wá.

Bó bá fọwọ́ kàn án: fìtílà kú, òkùnkùn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìrẹ̀ padà, Àdùkẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí kẹ́yìn. Kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá dúró pẹ́ lẹ́yìn ikú ti jí lójú àlá yín.

Ìpè ìkẹyìn wá. Àdùkẹ́ wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn kan ló kù níwájú rẹ̀. Ìpè kan dún láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, ìrẹ̀ ń ké. Ìṣẹ́jú-àáyá kan lẹ́yìn rẹ̀, ìrẹ̀ dákẹ́. Ní ìṣẹ́jú-àáyá kẹrin, ìpè kejì dún. Ìpè méjì gééré, bí òfin ṣe wí. Ẹni tí kò fetí sí ìrẹ̀ á tẹ Space pẹ̀lú ayọ̀. Ẹni tó fetí sí i á dúró, epo ń jó, ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méje gbáko. Lẹ́yìn náà, ìrẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà sì pè é lẹ́ẹ̀mejì látẹ̀yìn, láti yàrá tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi àwòrán kankan kún un.

Bí aago ṣe ń lọ

Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì: wákàtí méjì fún bébà, mẹ́fà fún àpótí eléérú àti òfin ìpè, kí ẹ fi ohùn ara yín ṣe ìpè ná. Ẹ sùn láti aago méjì òru títí di mẹ́sàn-án. Ọjọ́ Àbámẹ́ta títí di ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti ohùn àti fìtílà, alẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti àwòrán ilé. Ẹ tún sùn láti aago méjì sí mẹ́jọ. Láti mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú títí di méjì ọ̀sán, ìdánwò nìkan ni. Wákàtí mẹ́rin tó kù jẹ́ ti gbígbé e sókè. Ohun tí kò bá sí nínú géèmù ní aago mẹ́jọ àárọ̀ yẹn kò ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Fún ìdánwò, ẹ wá èèyàn mẹ́ta tí kò rí i rí. Ẹ fi headphone sí wọn létí, ẹ dákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ wo ọwọ́ wọn. Ẹni tó yọ ìka kúrò lórí Space tó sì tún gbé e padà ti bẹ̀rù. Ẹni tó béèrè pé "kí ni kí n ṣe?" kò lóye òfin, ẹ tún ìpè àkọ́kọ́ ṣe, ẹ má fi àlàyé kún un. Ẹ dán an wò ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí, nítorí bí ọ̀pọ̀ adájọ́ ṣe máa gbá a nìyẹn. Bí ògiri kò bá hàn rárá, ẹ gbé àwọ̀ òru sókè díẹ̀.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nínú géèmù náà, "Ẹ má dáhùn ìpè àkọ́kọ́", ó sì lè ba yín lójú jẹ́. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀ntì (irú ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà) onípíksẹ̀lì kò ní ẹ, ọ àti ṣ. Lórí kọ̀ǹpútà yín á dà bíi pé ó ní, torí Godot ń yá lẹ́tà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Browser kò ní ibi tí yóò ti yá a, àpótí òfìfo ló máa hàn. Ẹ fi Noto Sans sínú project fúnra rẹ̀, kí ẹ sì wo "àkọ́kọ́" dáadáa, torí ọ pẹ̀lú àmì lórí jẹ́ ìdàpọ̀ lẹ́tà àti àmì, ibẹ̀ ni fọ́ọ̀ntì ti ń tàsé.

Nígbà tí ẹ bá ń gbé e jáde fún Web, ẹ fi Thread Support sílẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́. Orúkọ fáìlì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ index.html, kó sì wà lójú zip náà gan-an, kì í ṣe nínú fódà mìíràn nínú zip. Browser kì í jẹ́ kí ohùn dún títí ẹni náà yóò fi tẹ nǹkan, nítorí náà ẹ ṣe ojú ìwé àkọ́kọ́ tó ní kí wọ́n tẹ Space kí ilé tó ṣí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sókè, ẹ ṣí ojú ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ kò fi ṣe iṣẹ́, ẹ tẹ Space, kí ẹ sì gbọ́ bóyá ìrẹ̀ ń ké.